Ẹ Sọ fún Dókítà pé Ẹ Ń Sin Ewúrẹ́

Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé àwọn ọmọ ìlú wa tó ń gbé ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. A gbé e síbí fún àwọn tí kò ráyè wá, àti fún àwọn tó wà nílé àti lókè òkun.

Ẹ̀yin tí ẹ ti Àpápá wá, ẹ kú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Mo mọ̀ pé tírélà kò jẹ́ kí àwọn kan tètè dé.

Alága ní kí n má pẹ́ lórí ìdúró, torí náà mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn ẹnìkan. Ọ̀kan nínú wa ni. Ó ti fún mi láyè láti sọ ọ́, bí mi ò bá ṣáà ti dárúkọ òun. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Bùọ̀dá.

Bùọ̀dá ń ṣiṣẹ́ ẹrù ní wáfù Àpápá. Ẹ̀yìn ilé tó ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ níbí, ó ń sin ewúrẹ́ márùn-ún. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, ewúrẹ́ yẹn ló fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ. Lọ́dún tó kọjá, nígbà òjò, méjì nínú àwọn ewúrẹ́ náà bímọ láìpé ọjọ́. Òkú ọmọ ni ọ̀kan bí. Bùọ̀dá fi ọwọ́ lásán fa ọmọ náà jáde, ó fi ọwọ́ lásán kó ibi ọmọ, ó jù ú sí kánáàlì, ó gbálẹ̀ ibẹ̀, ó sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Kí ló burú ńbẹ̀? Gbogbo ẹni tó ń sin ewúrẹ́ níbí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ara rẹ̀ gbóná. Orí ń fọ́ ọ débi pé kò lè lajú síta oòrùn. Lóru, òógùn á rin aṣọ ibùsùn gbingbin. Kẹ́místì àdúgbò ní ibà ni, ó gba oògùn ibà. Kò lọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò níbì kan, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n fa omi sí i lára. Kò lọ. Ìyá ìyàwó gbé àgbo wá, ó mu àgbo. Nígbà tó yá, ó ń wúkọ́, èémí rẹ̀ ń kúrú, la bá gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, wọ́n ní òtútù àyà ni. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo jókòó tì í fún ọjọ́ méjì nínú ọjọ́ mẹ́fà yẹn, mo sì gbọ́ ohun tí wọ́n bi í. Ṣé o máa ń sùn sínú nẹ́ẹ̀tì? Omi wo lò ń mu? Ṣé o ń mu sìgá? Ṣé ẹnìkan ń wúkọ́ nílé yín? Ìbéèrè tó dáa ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í pé, "Ṣé o ń sin ẹran?" Bùọ̀dá náà kò sọ ọ́. Èmi tí mo mọ̀ nípa ewúrẹ́ yẹn, mi ò sọ ọ́. Kò wá sí wa lọ́kàn rárá pé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ kan ọ̀rọ̀ dókítà.

Ọlọ́run ṣàánú, Bùọ̀dá yè. Ṣùgbọ́n ó lo oṣù mẹ́rin kó tó lè gbé ẹrù padà, ó sì ta mẹ́ta nínú ewúrẹ́ márùn-ún láti fi jẹun. Ohun tó ṣe é gan-an, a kò mọ̀ ọ́n títí dòní, torí pé wọn kò yẹ ẹ̀ wò fún ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí. Mi ò ní dúró níwájú yín kí n sọ pé òun ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó yẹ kí ẹnìkan bèèrè.

Mi ò kì í ṣe dókítà o, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Nígbà tí mo padà sílé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé, ni mo bá pàdé àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní Q fever. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ibà Q.

Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Ní 1935, ní ìlú Brisbane lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ibà kan ń mú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìpẹran. Dókítà kan tó ń jẹ́ Edward Derrick yẹ̀ wọ́n wò títí, kò bá ibà tí wọ́n mọ̀ mu. Ó wá pè é ní ibà Q, Q yẹn dúró fún "query", ìyẹn ìbéèrè. Ibà tí a ṣì ń bèèrè nípa rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá rí kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á, wọ́n sì sọ ọ́ ní Coxiella burnetii.

Ara màlúù, àgùtàn àti ewúrẹ́ ni kòkòrò yìí ń gbé jù. Ó lè wà lára ẹran kí ẹran náà máa jẹ, kó máa mu, kó má ṣe bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ìgbà tí ẹran bá fẹ́ bímọ ló máa ń fara hàn: oyún lè wálẹ̀, tàbí kó bí òkú ọmọ, tàbí kí ọmọ náà má lágbára. Inú ibi ọmọ àti omi tó bá ọmọ jáde ni kòkòrò náà ti pọ̀ jù lọ. Ó tún wà nínú wàrà, nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹran. Bí gbogbo nǹkan wọ̀nyí bá gbẹ, wọ́n á di eruku, afẹ́fẹ́ á gbé eruku náà, èèyàn á fà á símú. Kòkòrò yìí kì í tètè kú nínú eruku, ìwọ̀nba díẹ̀ sì tó láti kó èèyàn.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àìsàn ń bẹ̀rẹ̀. Ó tó ìdajì àwọn tó bá kó o tí kò ní mọ nǹkan kan lára. Ní ti àwọn tó kù, ara á gbóná gan-an, orí á fọ́, ara á máa ro wọ́n, òógùn á máa bò wọ́n. Ó lè di òtútù àyà, ó sì lè kan ẹ̀dọ̀. Ẹ wò ó, kí ni mo kà sílẹ̀ yìí tí kò jọ malaria? Ibi tí wàhálà wà nìyẹn.

Ẹ̀yin bàbá wa lè sọ pé, "Ọmọ yìí, àìsàn òyìnbó lò ń sọ fún wa." Rárá o. Àwọn olùwádìí ti rí àmì rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù, àgùtàn àti ewúrẹ́ ní Nàìjíríà níbí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ni pé wọ́n wò ó, wọ́n kà á, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Họ́láńdì fún yín.

Ní 2007, ní abúlé kan tó ń jẹ́ Herpen, lágbègbè Noord-Brabant, àwọn dókítà rí i pé òtútù àyà ń mú àwọn èèyàn ju bó ṣe yẹ lọ, ìgbà ẹ̀rùn wọn sì ni, kì í ṣe ìgbà òtútù. Àwọn oko ńláńlá tí wọ́n ti ń sin ewúrẹ́ fún wàrà wà nítòsí, oyún sì ti ń bàjẹ́ lára ewúrẹ́ níbẹ̀. Lọ́dún yẹn, èèyàn 168 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ní 2008, ó di 1,000. Ní 2009, ó di 2,354. Nígbà tó fi máa rọlẹ̀ ní 2010, ó ti lé ní 4,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fọwọ́ kan ewúrẹ́ rí láyé wọn. Wọ́n kàn ń gbé nítòsí ni, afẹ́fẹ́ ló gbé e wá bá wọn.

Ní 2009 yẹn, bí ẹnìkan nínú márùn-ún àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ ló dé orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, òtútù àyà ló sì gbé ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀. Àwọn tó kú lójú ẹsẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Àwọn kan padà sílé, agbára wọn kò padà fún oṣù, fún ọdún pàápàá. Lára àwọn mìíràn, kòkòrò náà sápamọ́, ó lọ fìdí kalẹ̀ sínú ọkàn tàbí ọ̀pá ẹ̀jẹ̀, ó wá ń ṣe wọ́n lọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Irú ìyẹn ló pa èèyàn jù níbẹ̀. Tó bá ti débẹ̀, oògùn rẹ̀ lè gba ọdún kan àtààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó di ìparí 2009, ìjọba wọn pàṣẹ kí wọ́n pa àwọn ewúrẹ́ tó lóyún ní àwọn oko tí àrùn wà. Ó lé ní 50,000 ẹran tí wọ́n pa. Wọ́n sì sọ abẹ́rẹ́ àjẹsára di dandan fún ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó dun àwọn aládùúgbò jù ni pé ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wọn pé oko báyìí-báyìí ló ní àrùn. Oko wà lẹ́yìn ilé wọn, wọn kò mọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀, kí ló máa sọ fún dókítà?

Ẹ rántí òwe àwọn àgbà: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Nílé tí yàrá kọjú sí yàrá ní Ajégúnlẹ̀ níbí, bí ewúrẹ́ ẹnìkan bá bímọ lẹ́yìn ilé, gbogbo ilé ló ń fa eruku ibẹ̀ símú.

Ẹ má jẹ́ ká tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ sísọ fún dókítà. Èkó náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje 2014, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Patrick Sawyer wọ ọkọ̀ òfúrufú láti Làìbéríà wá sí Èkó, ó ṣubú ní pápákọ̀ òfúrufú, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù First Consultants ní Obáléndé. Ibà malaria ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ sí. Òun náà sọ pé òun kò súnmọ́ ẹnikẹ́ni tó ní Ebola. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh ni kò gbà pé malaria nìkan ni. Ó bèèrè ibi tí ọkùnrin náà ti ń bọ̀, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún Ebola, wọ́n sì ń fúngun mọ́ ọn pé kó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, ó kọ̀. Èèyàn 20 ni Ebola mú ní Nàìjíríà nígbà yẹn, 8 kú, Dókítà Adadevoh fúnra rẹ̀ sì wà lára wọn, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ibà Q kì í ṣe Ebola o, ẹ má gbé e lọ sórí WhatsApp pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ebola ń ràn láti ara èèyàn sí èèyàn. Ibà Q kì í sábà ràn bẹ́ẹ̀ rárá. Torí náà ẹ má sá fún ẹnikẹ́ni, ẹ má yọ ife rẹ̀ sọ́tọ̀. Ìdí tí mo fi mú ìtàn yẹn wá ni pé dókítà tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ lè gba ìlú là, aláìsàn tó bá sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́ lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Gbogbo wa kọ́ la máa rí dókítà bíi Adadevoh. Bí dókítà kò bá ráyè bèèrè, torí èèyàn ọgọ́rùn-ún wà lẹ́yìn rẹ lórí ìlà, ìwọ ni kí o sọ ọ́.

Bùọ̀dá ti bi mí pé, "Àbúrò, ṣé kí n lé ewúrẹ́ méjì tó kù dànù ni?" Mo ní rárá. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má sin ewúrẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má ra àgbò Iléyá. Ẹran tó jinná dáadáa kì í ṣe ìṣòro. Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni ìwọ̀nyí.

Ìkínní, bí ewúrẹ́ tàbí àgùtàn bá fẹ́ bímọ, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ibi tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà yàrá àti ibi ìdáná. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Bí kò bá sí, ẹ ki ọwọ́ bọ ọ̀rá. Ẹ bo imú. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ pààrọ̀ aṣọ.

Ìkejì, ẹ má ju ibi ọmọ ẹran sí gọ́tà tàbí kánáàlì, ẹ má sì jù ú fún ajá. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ kó jìn, tàbí kí ẹ sun ún. Bí ẹ bá fẹ́ gbálẹ̀ ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wọ́n omi sí i kí eruku má bàa gbéra.

Ìkẹta, ẹ̀yin aboyún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jìnnà sí ẹran tó ń bímọ. Ibà Q lè ba oyún jẹ́. Ẹ̀yin tí dókítà ti sọ fún pé ọkàn yín ní àbùkù, ẹ̀yin náà ẹ jìnnà, torí ara irú yín ló máa ń fẹ́ sápamọ́ sí.

Ìkẹrin, wàrà tútù, ẹ sè é kó hó kí ẹ tó mu ún. Ẹni tó bá sì pa abo ẹran fún àríyá, tó la ikùn rẹ̀ tó bá oyún nínú, kó mọ̀ pé inú ilé ọmọ yẹn gan-an ni ewu wà. Kì í ṣe ibi tí ọmọdé yẹ kó dúró sí máa wòran.

Ìkarùn-ún, bí oyún ewúrẹ́ bá ń wálẹ̀ léraléra, ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ sì sọ fún ará ilé. Ẹ má fi pamọ́ nítorí ìtìjú tàbí nítorí ẹ fẹ́ tètè tà á fún ẹlòmíì.

Bí ibà bá wá dé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún malaria ná, torí malaria ló ṣì pọ̀ jù láàrin wa, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ kí a tó tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò bá ní kò sí malaria, tàbí tí oògùn ibà bá parí tí ara ṣì ń gbóná, ẹ má padà sí kẹ́místì lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ lọ sí ọsibítù. A ní ọsibítù ìjọba ní Ajeromi, a ní ní Àpápá. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ doxycycline tí àwọn dókítà ń lò fún ibà Q, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sábà máa ń lò ó. Kì í ṣe oògùn ọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n dókítà ni kó kọ ọ́ fún yín. Kì í ṣe fún gbogbo èèyàn, pàápàá aboyún àti ọmọdé. Kí ẹ sì mọ̀ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ibà Q lè má mú un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí ẹ̀jẹ̀ kò tíì ní àmì rẹ̀. Bí dókítà bá ní kí ẹ padà wá fún àyẹ̀wò kejì, ẹ padà lọ. Ẹ má rò pé owó ni wọ́n ń wá.

Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ti kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan, a óò fi sórí gbogbo gúrúùpù wa lálẹ́ òní. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù. Ẹni tó bá ń ṣàìsàn, kó fi han dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Bó ṣe lọ nìyí:

"Ọjọ́ tí ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná: … Oògùn tí mo ti lò: … Mo ń sin ẹran, tàbí mò ń tà á, tàbí mò ń pa á: … Ẹran bímọ tàbí oyún rẹ̀ wálẹ̀ nítòsí mi láàrin oṣù kan sẹ́yìn: bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo lóyún, tàbí ọkàn mi ní àbùkù: bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Ìlà márùn-ún péré. Ká ní ó wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo jókòó ti Bùọ̀dá ni, mi ò bá ti fi han dókítà.

Ohun ìkẹyìn ni ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́. Bùọ̀dá kò kọ́kọ́ lọ sí kẹ́místì torí pé òmùgọ̀ ni. Owó ló ń rò. Lílọ sí ọsibítù túmọ̀ sí pé kò ní sí owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni owó káàdì àti owó àyẹ̀wò ń dúró. Mo ń bẹ ìgbìmọ̀ aláṣẹ pé kí wọ́n yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ìrànwọ́ wa, kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ibà rẹ̀ kò lọ lẹ́yìn oògùn àkọ́kọ́ lè rí i lò fún àyẹ̀wò. A máa ń dá owó fún òkú, a kì í sì í pẹ́ dá a. Ẹ jẹ́ ká kọ́ láti dá a fún aláìsàn náà, nígbà tó ṣì lè mú un dìde. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ náà ti ṣètò ẹni méjì ní Àpápá àti ẹni mẹ́ta ní Ajégúnlẹ̀ tí yóò máa tẹ̀lé aláìsàn lọ sí ọsibítù, kí ẹnikẹ́ni má dá nìkan lọ.

Iléyá ń bọ̀. Àgbò á tún kún ojú títì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, a óò jẹ, a óò mu, inú wa á dùn. Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Derrick bèèrè, ó fi ìbéèrè náà sọ àìsàn lórúkọ. Bí dókítà bá ń kánjú tí kò bi yín, ẹ sọ fún un pé ẹ ń sin ewúrẹ́.

Ẹ̀mí wa á gùn. A ò ní fi ọwọ́ ara wa fa àìsàn.